Bí A Ṣe Lè Dán Ìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì Wò Lórí Àìsàn, Oògùn àti Ìtọ́jú Ọkàn

Ọ̀pọ̀ ìdánwò tí mo ti rí ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ní Mushin, Surulere àti Yaba jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n dà kọ láti inú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí iyè rẹ̀ bá jí pépé yóò gba máàkì tó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì yẹn kò lè sọ ohun tí yóò ṣe bí aláìsàn bá dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru. Inú ohun tí àwọn aláìsàn ń gbé wá bá wa ni ó yẹ kí ìbéèrè ti jáde.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì, kí ẹ wo àwọn àìsàn tó pọ̀ jù níbẹ̀ láàárín oṣù 3 tó kọjá. Ní Èkó yìí, ẹ kò ní ṣàì rí ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti gìrì aboyún. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ìtàn kúkúrú, kí aláìsàn inú rẹ̀ sì máa sọ̀rọ̀ bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń sọ ọ́. Fún àpẹẹrẹ, ìyá ẹni ọdún 62 kan ti ọjà Òjúwòyè dé, ó ń làágùn, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan wúwo lé mi láyà, ó sì ti ràn dé apá òsì.” Kí ni ẹ ó ṣe láàárín ìṣẹ́jú 10? Ìdáhùn tó pé yóò sọ pé kí ìyá náà jókòó fẹ̀yìn tì, kí a pe dókítà, kí a wọn ìfúnpá àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí bébà, kí ìṣẹ́jú 10 náà tó pé, kí a sì fún un ní aspirin 300 mg láti rún lẹ́nu bí dókítà bá fọwọ́ sí i tí kò sì sí ohun tó lòdì sí i. Ẹ kíyè sí ẹni tó bá sáré fi ọ́síjìn sí i nímú láìwọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tí tirẹ̀ wà ní 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò rẹ̀. Ẹ tún fi ìtàn bàbá alátọ̀gbẹ kan kún un, tí àyà kò dùn ún rárá, tó jẹ́ pé mímí ló ń nira fún un, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ ló ní ìṣòro. Irú wọn ni ojú máa ń fò jù.

Ní ti oògùn, ẹ gbé ìgò àti síríńjì gidi ka iwájú wọn. Ẹ sọ pé ọmọ kan tó wọn kìló 12 ní ibà líle, artesunate ni dókítà sì kọ fún un. Ọmọ tí kò tó kìló 20 ń gba 3 mg fún kìló kan, nítorí náà 36 mg ni tirẹ̀. Bí a bá po ìgò 60 mg tí ó di 10 mg nínú mílílítà kan, 3.6 mL ni nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fà. Ẹni tó bá fi 2.4 mg fún kìló kan ti àgbà ṣírò rẹ̀ yóò fún ọmọ náà ní oògùn tí kò tó, kò sì sí ẹni tí yóò tètè fura. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fà á.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ro máàkì wọn pọ̀ mọ́ ti ìyókù, nítorí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ lè gba ẹ̀mí. A kì í gún potassium chloride tààrà sínú iṣan. Kí a tó fún àgbàlagbà ní digoxin, oògùn ọkàn, a ó ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Bí kò bá tó 60, a ó dá oògùn náà dúró, a ó sì sọ fún dókítà. Kí a tó tún gún aboyún tó ní gìrì ní magnesium sulphate, a ó rọra lu orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ta, mímí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 16 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 30 mL ní wákàtí kan, calcium gluconate, tó ń pa agbára oògùn náà bí ó bá pọ̀ jù, sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹni tó bá gba 95 nínú 100 tó sì kùnà ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò tíì yege.

Títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá dúró ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Ẹ tẹ́ ère ìdánrawò sórí bẹ́ẹ̀dì fóòmù, ẹ má sọ nǹkan kan, kí ẹ wo ẹni tí yóò tètè wá pákó sí i lábẹ́ ẹ̀yìn, nítorí láìsí pákó, fóòmù ni yóò máa wọlé dípò àyà. Fún àgbàlagbà, a ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, èémí 2 yóò sì tẹ̀lé títẹ̀ 30. Ẹ fi aago dúró tì wọ́n fún ìṣẹ́jú 2. Kí àkókò náà tó pé, ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíràn yóò ti máa ká, yóò máa fara ti àyà náà láìjẹ́ kí ó padà sókè; ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ti kọ́ láti ké sí ẹlòmíràn pé kó wá gbà á. Ẹ bi ẹni tó dúró tì í pé mélòó ni adrenaline, oògùn tí a ń gún láti mú kí ọkàn tún máa lù: 1 mg ni, ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra wọn.

Ẹ má ṣe fi ìdánwò sí òwúrọ̀ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru ń múra àtikọjá lórí Third Mainland. Àárẹ̀ ni ẹ ó máa wọ̀n lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba èsì, kì í ṣe níṣojú ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá kùnà lórí oògùn eléwu kò gbọ́dọ̀ dá nìkan fún aláìsàn ní oògùn náà títí yóò fi tún ìdánwò ṣe. Títẹ àyà ní tirẹ̀ kì í pẹ́ ṣá lọ́wọ́ ẹni, kò sì yẹ kí ó kọjá oṣù 6 kí a tó tún un ṣe. Bí gbogbo wọn bá sì kùnà ìbéèrè kan náà, bí irú ti ECG, ẹ lọ wò bóyá bébà wà nínú ẹ̀rọ náà, àti bóyá ẹnì kan ti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n rí.