Òdo kan ṣoṣo tó jẹ owó ìpolówó mi

₦16,125 ni mo san nínú oṣù kẹrin ọdún 2025 kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé mo ń ta àdìrẹ, síbẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kọ̀wé sí mi. Kì í ṣe pé ọjà mi kò dára, kì í sì í ṣe pé àwọn tó rí i kò fẹ́ rà á. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú láìmọ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí pé èrè oṣù méjì tí mo rọra ń tọ́jú ni owó náà.

Ilé ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní Abẹ́òkúta; n kò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń lọ ra àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú lọ́dọ̀ ìyá aláró kan tó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé, n ó yà á ní fọ́tò lórí okùn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, n ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọmọ tó jí. Bí a ṣe ń ṣí ojú-ìwé òwò àti bí a ṣe ń kọ iye owó sábẹ́ àwòrán, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró, torí pé ẹni tó bá ti ta ohunkóhun lórí fóònù rí ti mọ̀ ọ́n. Ti fọ́tò nìkan ni n ó sọ: àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ yà á. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí aró tó dúdú minijọ dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta, oníbàárà á sì sọ fún yín lọ́jọ́ tó bá gbà á pé èyí kọ́ ni òun rí.

Fún ọdún méjì, àwọn ojúlùmọ̀ tó ń wo WhatsApp mi nìkan ni mo ń tà fún: àwọn tí a jọ kàwé, àwọn ìyá ìjọ, àti àwọn ẹbí ọkọ mi tí wọ́n máa ń rà á láwìn. Nígbà tí àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i nínú oṣù kìíní ọdún 2025 pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, owó dátà mi gbẹ́sẹ̀ sókè, ọjà tí mo ń tà kò sì gbé ẹsẹ̀ kankan. Nígbà náà ni mo pinnu pé n ó sanwó ìpolówó lórí ìkànnì kan, ₦5,000 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí àwọn tí kò mọ̀ mí rí lè rí ọjà mi. ₦20,000 ni mo ní lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó rán mi létí pé owó orí ọjà (VAT) tún wà lórí rẹ̀, èyí tí ìjọba ti gbé kúrò ní ìdá 5 sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, tí ₦20,000 fi di ₦21,500. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ₦1,500 tó iye tí mo fi ń ra ọ̀rá tí mo fi ń di aṣọ fún oṣù kan.

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ wá nìyí. Ìkànnì náà ní bọ́tìnnì tirẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ tààrà sí WhatsApp ẹni tó ń tajà, ṣùgbọ́n kóòdù kan ní láti kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù mi gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Mo béèrè fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò dé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, ọmọ ti sùn, iná sì ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ. Mo bá dá ọgbọ́n tèmi: mo pa bọ́tìnnì yẹn tì, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ líǹkì WhatsApp, èyí tí a máa ń fi wa.me bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ńbà á sì tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé 234 ti orílẹ̀-èdè wa gbọ́dọ̀ wà níwájú, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó mọ nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ nọ́ńbà mi bí mo ṣe ń pè é fún ènìyàn láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, òdo, mẹ́jọ, òdo, títí dé òpin. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí ìpolówó náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ènìyàn 118 ni wọ́n ní ó ti tẹ̀ ẹ́. Mo fi han ọkọ mi, mo ní kó wò ó, pé iṣẹ́ mi ti dé Èkó àti Ìlọrin láìjẹ́ pé mo kúrò lórí àga. Ó wò ó, ó ní, “Àwọn mélòó ló wá rà nínú wọn?” Mo dákẹ́. Mo sọ fún un pé àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò ni, wọn á padà wá. Lọ́jọ́ kejì, iye wọn di 229, fóònù mi sì dákẹ́ bí ẹni tí a bínú sí. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo sì ra dátà sórí láìnì kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kì í ṣe ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́, pé ẹ̀rọ ni, pé bí wọ́n ṣe ń jẹ owó wa nìyẹn. Mo gbà á gbọ́ fún odidi ọ̀sán kan. Mo pààrọ̀ àwòrán tó wà níwájú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó ń dùn mí jù títí di òní: mo gé owó aṣọ náà láti ₦15,500 sí ₦14,500, torí mo rò pé ọjà mi ló wọ́n lójú àwọn ènìyàn tí wọn kò tilẹ̀ rí ọ̀nà bá mi sọ̀rọ̀.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù mi pátápátá, mo sì tún un fi síbẹ̀, nítorí mo rò pé òun ló ń há àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí mi mọ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé fóònù náà kò tíì tọ́jú ohunkóhun pamọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ohun tí èmi àti àwọn oníbàárà mi ti bá ara wa sọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pòórá, títí kan àdírẹ́sì àwọn méjì tí mo ti gba owó wọn, tí mo sì fẹ́ fi aṣọ wọn ránṣẹ́ ní wébíìlì láti gáréèjì. Mo ní láti pe àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó jí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì ìpolówó náà. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìpolówó mi ń ṣe dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn ló tilẹ̀ ń bí mi nínú: ènìyàn 347 ló ti tẹ̀ ẹ́, bíi ₦43 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí a tó ka owó orí ọjà.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí èmi fúnra mi kò tẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọn á yọ owó rẹ̀ lára owó mi, mo sì ti kìlọ̀ fún ọkọ mi àti àwọn àbúrò mi pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìyá aláró ló tú mi sílẹ̀. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti pààrọ̀ fóònù ni? Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìkòròdú rí aṣọ lórí fóònù rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Ó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n ní nọ́ńbà yẹn kò sí lórí WhatsApp.” Mo ní, “Kò lè rí bẹ́ẹ̀, mà.” Ó ní kí n lọ wò ó. Mo gba fóònù ọkọ mi, mo tẹ ìpolówó mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ gan-an ni mo sì rí níbẹ̀. Mo ka nọ́ńbà inú líǹkì náà pẹ̀lú ìka mi: mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlá ló yẹ kó jẹ́, nítorí pé bí 234 bá ti wọlé, òdo tó ṣíwájú nọ́ńbà wa gbọ́dọ̀ jáde. 2340 ni mo kọ níbi tó ti yẹ kí n kọ 2348. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, n kò sì lè sunkún.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n mo ní láti ṣe ìpolówó mìíràn ni, kí n sì tún dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó gbà tó ọjọ́ kan. Láìkì 41 tí mo ti ní wà lára ti àkọ́kọ́, wọn kò bá mi wá. Nígbà tí tuntun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦5,000 tó kù, àwọn 97 tẹ̀ ẹ́, 31 kọ̀wé sí mi, fóònù mi sì ń dún ṣáá tí ọmọ mi fi ń ba á jó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè bóyá aró rẹ̀ kì í jáde nínú omi. Mo sọ òtítọ́ fún wọn: á jáde díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má sì fi òun àti aṣọ funfun sínú ike kan náà. Àwọn mẹ́fà rà á, ènìyàn mẹ́fà tí n kò rí rí láyé mi, ọ̀kan nínú wọn wà ní Àbújá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìbínú mi fún wákàtí bíi mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò owó. ₦11,000 ni mo ra yáàdì márùn-ún, ₦14,500 ni mo tà á, nítorí pé mo ti gé owó rẹ̀ torí òdo kan yẹn, n kò sì lè sọ fún wọn pé mo ti tún un gbé sókè. ₦21,000 ni èrè mi lórí mẹ́fà. ₦21,500 ni mo san fún ìpolówó. Ìyẹn ni pé mo pàdánù ₦500, láìtíì ka dátà àti ọ̀rá. Ká ní mo fi owó aṣọ sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ₦27,000 ni ǹ bá jẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti polówó láti ìgbà náà, ₦2,000 péré ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí n tó fi ọmọ náírà kan sílẹ̀, n ó ti fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó tẹ̀ ẹ́ kó sì kọ “ẹ kú iṣẹ́” sí mi, n kò sì ní sùn títí iṣẹ́ rẹ̀ á fi wọlé. Nọ́ńbà mẹ́tàlá náà wà lára ògiri lókè tábìlì mi, mo fi bírò pupa kọ ọ́. Ní ti iye owó ọjà, n kì í fọwọ́ kàn án mọ́ títí ó kéré tán ènìyàn mẹ́wàá á fi sọ fún mi lẹ́nu ara wọn pé ó wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo padà lọ wo ìpolówó àkọ́kọ́, torí àwọn láìkì 41 yẹn ṣì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, tí n kò rí nítorí pé inú WhatsApp nìkan ni mo ń wò. Ẹnì kan kọ àkọ́kọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí ìpolówó náà bẹ̀rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà yín kò lọ o, mo fẹ́ ra méjì.” Mo fèsì fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò tíì dá mi lóhùn.