Bí mo ṣe tọ́jú etí òsì mi títí dé orí iṣẹ́ abẹ

Láti kékeré ni etí òsì mi ti ń tú. Tí omi bá ti kó sí i tàbí tí ọ̀fìnkìn bá mú mi báyìí, ọyún á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, pílò á rin, á máa rùn, ojú dẹ̀ máa ń tì mí gan-an ní sùkúù. Màmá mi á yá àdín díẹ̀ níná, wọ́n á kán an sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ nù ún. Ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, ohun tí gbogbo ilé wa l'Ókè-Àró mọ̀ náà nìyẹn, mi ò bínú sí wọn rárá. Nígbà tí mo wá dàgbà, kẹ́mísìtì ni mo ń sá lọ, wọ́n á ta oògùn tí wọ́n ń kán sétí fún mi láì tiẹ̀ yẹ etí náà wò, á gbẹ fún oṣù méjì, á tún bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe l'Ákùrẹ́ níbí. Mo ti gbé máṣíìnì mi ti ògiri lápá òsì kí kọ́sítọ́mà lè máa bá mi sọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún nìkan. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ìyá kan dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní "ẹ má tíì gé e o," èmi gbọ́ "ẹ gé e," ni mo bá ki sísọ́ọ̀sì bọ léèsì olówó iyebíye. Mo san owó léèsì yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ rí dọ́kítà etí, imú àti ọ̀fun.

Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré fa ọyún náà kúrò, ó ń dún fuu nínú orí mi, òòyì dẹ̀ kọ́ mi díẹ̀. Ó wá fi iná tó ní ẹnu bí àrọ wo inú ẹ̀, ó ní ihò ti wà lára ìlù etí mi. Ó yà á sínú ìwé fún mi: ìlù etí rèé, awọ tín-ín-rín tí kò ju ìbú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ni eegun mẹ́ta tó di ara wọn mú wà, èyí tó kẹ́yìn ló kéré jù nínú gbogbo eegun ara èèyàn, òun ló ń ti omi tó wà nínú ohun kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, ibẹ̀ ni iṣan ti ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ. Ihò kan tún wà tó gba ẹ̀yìn ìlù yẹn lọ sí ẹ̀yìn imú, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí ọ̀fìnkìn fi máa ń jí etí mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni irin kan tó ní ìka méjì bíi fọ́ọ̀kì. Ó gbá a mọ́ ìgúnpá ẹ̀, ó fi ìdí ẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí òsì mi, mo gbọ́ ọ ketekete. Nígbà tí kò dún mọ́ ó gbé e wá sẹ́nu ihò etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣe é fún etí ọ̀tún, ẹnu ihò ẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ. Ó wá gbé e sí iwájú orí mi láàárín gangan, ohùn yẹn sì lọ sí etí tó ń dùn mí! Mo rò pé mo ti ṣì í sọ, mo ní kó tún un ṣe. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé eegun ń gbé ohùn lọ sínú tààrà, ariwo ìta ò dẹ̀ ráyè wọlé bò ó mọ́lẹ̀ lápá ibẹ̀. Ọ̀nà ló bàjẹ́, inú ṣì dáa. Mo sunkún ayọ̀ lórí àga yẹn.

Wọ́n tún mú mi wọ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, tí mo bá ti gbọ́ píì kí n tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n fi ìlà méjì ya èsì ẹ̀ sínú ìwé. Désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó kí n tó gbọ́ ọ; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó, tí ìlà ẹ̀ sì wà lókè, ló ṣe dáa tó. Ìlà ohùn tó gba afẹ́fẹ́ wọ etí òsì mi wà ní 45 désíbẹ́ẹ̀lì, ti èyí tó gba eegun wà ní 10. Àlàfo àárín méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ abẹ lè dí. Tó bá jẹ́ pé ìlà eegun náà ló lọ sílẹ̀, bíi tàwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta tàbí jẹnẹrétọ̀, àwọn nǹkan bí irun tó ń gbọ́ ohùn nínú ibẹ̀ tí wọ́n bá ti kú wọn kì í hù mọ́, ẹ̀rọ àfisétí ni wọ́n máa ń fún wọn.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi, etí gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ki òwú tí mo fi Vaseline ra bọ ẹnu ihò etí kí n tó wẹ̀. Kò sí àdín mọ́, kò sí ìyẹ́, kò sí ìgbálẹ̀. Mo kó àjọ mi, mo fi san owó ẹ̀.

Wọ́n fi oògùn mú mi sùn. Wọ́n la ẹ̀yìn etí, wọ́n bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lára ẹran ẹ̀bátí mi (ẹ fọwọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ jẹun, á máa mira), òun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ihò yẹn, bá a ṣe máa ń lẹ aṣọ mọ́ abẹ́ ibi tó bá ya. Wọ́n wá fi nǹkan bíi fóòmù tó ń yọ́ fúnra ẹ̀ tì í mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ló le. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan mi ò gbọ́ nǹkan kan létí yẹn rárá torí fóòmù, ẹ̀rù bà mí. Ìdajì ahọ́n mi lápá òsì ń ṣe bíi pé mo lá irin, kódà ẹ̀bà ò dùn, torí iṣan tó ń mú ìtọ́wò wá gba ẹ̀yìn ìlù etí kọjá. Ó tó oṣù méjì kó tó lọ. Mi ò gbọdọ̀ fun imú, tí mo bá fẹ́ sín mo ní láti la ẹnu sílẹ̀, mi ò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń pọn omi.

Lóṣù kẹta wọ́n tún mú mi wọ yàrá píì yẹn. Ìlà afẹ́fẹ́ ti gòkè wá sí 20. Ihò ti dí, àmọ́ wọ́n ní kí n ṣì máa ki òwú bọ ọ́ tí mo bá ń wẹ̀ títí wọ́n á fi tún wò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà, etí tiẹ̀ ń tú. Màmá mi fúnra wọn ló pè mí pé kí n wá mú un kí ẹnikẹ́ni tó kán nǹkan sí i. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí là ń lọ.