Kóòdù gbangba: ohun tí kò yẹ kó o máa ṣe

Ọ̀fẹ́ ni kíka repo (àpò tí ètò git fi ń tọ́jú kóòdù àti ìtàn àyípadà rẹ̀) tó bá wà ní gbangba. Kò béèrè àkáǹtì, kò béèrè páswọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, ní Under G níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, o ò ní ṣàìgbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ráhùn pé wọn ò jẹ́ kóun wọlé. Àdírẹ́sì tó mú ni kò dáa. Lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó repo sí, tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Code sí, kó o mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú git@ máa ń béèrè kọ́kọ́rọ́ SSH (fáìlì àṣírí tó ń fi ẹ̀rí ẹni hàn), kódà bó bá jẹ́ pé kíkà lásán lo fẹ́ kà. Git:// táwọn ìwé àtijọ́ ń júwe ńkọ́? GitHub ti tì í pa láti 2022.

Bí https bá tún ní kó o mú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wá, tún àdírẹ́sì náà yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé o ṣi orúkọ repo kọ, tàbí kí olóhun ti sọ ọ́ di ti ìkọ̀kọ̀. Má wulẹ̀ tẹ páswọ́ọ̀dù GitHub rẹ síbẹ̀: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni wọn ò ti gbà á mọ́ fún iṣẹ́ git.

Èyí tó ń jẹ dátà jù ni kéèyàn kàn ṣe git clone (àṣẹ tó ń ṣàdàkọ repo sórí kọ̀ǹpútà rẹ) lásán fún repo ràgàjì. Gbogbo ìtàn rẹ̀ pátá ló ń bọ̀ yẹn; ti kernel Linux (ọkàn ètò Linux) nìkan ju gígábáìtì kan lọ dáadáa. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, clone kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Dátà tó ti lọ, ó lọ nìyẹn. Kọ ọ́ báyìí:

git clone --depth 1 [àdírẹ́sì]

Kóòdù tó wà níbẹ̀ lónìí nìkan ló máa wá. Bó o bá padà nílò ìtàn rẹ̀, git fetch --unshallow á kó ìyókù wá. Fáìlì ZIP repo náà ò burú fún ẹni tó fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, àmọ́ git pull (àṣẹ tó ń mú àyípadà tuntun wá) ò ní ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀.

Bó o bá ṣe push (fi àtúnṣe rẹ ránṣẹ́) sí repo tí kì í ṣe tìrẹ, 403 lo máa rí, ìyẹn ni pé wọn ò gbà ọ́ láàyè. Ṣe fork (ẹ̀dà tìrẹ lórí GitHub), kó o fi pull request (ìbéèrè pé kí olóhun gba àtúnṣe rẹ) ránṣẹ́. (Àwọn ará kernel Linux kì í tiẹ̀ gba ìyẹn, íméèlì ni wọ́n ń fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́.)

Kó o tó gbé kóòdù ẹlòmíì sínú project àṣejáde rẹ ní LAUTECH, wá fáìlì LICENSE (ìwé àṣẹ ìlò). Bí kò bá sí, ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì ni gbogbo ẹ̀tọ́. Bi í kó o tó lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ fáráyé ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀rọ̀ àṣírí tí ètò fi ń lo iṣẹ́ ètò mìíràn) sínú fáìlì .env, ó ti ṣe commit rẹ̀ (ó ti fi í pa mọ́ sínú ìtàn repo), ó rántí, ó pa fáìlì náà rẹ́, ó tún ṣe commit, ó sọ repo di gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ git log -p, àṣẹ tó ń fi gbogbo ìtàn àyípadà hàn, á rí i kedere. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ lọ fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà níbi tó o ti gbà á, kó o gba òmíràn, lẹ́yìn náà ni kó o tó máa fọ ìtàn repo.