Bí mo ṣe ṣírò omi, tí a fi kanlẹ̀ sórí ẹrẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa níbí ní Kent, ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n ní bóòtì onígbòkun kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé lọ sórí odò Medway. Èmi ọmọ Ìbàdàn, omi tó tóbi jù tí mo rí kí n tó kúrò nílé ò ju ti Ẹlẹ́yẹlé lọ. Ìparí oṣù kẹjọ ni, wọ́n ní "Ìwọ lo máa ṣírò omi tá a máa fi wálé lónìí."

Mo ṣí tide table, ìwé tó ń sọ aago tómi máa kún àti aago tó máa fà. Òṣùpá àrànmọ́jú ti fi ọjọ́ méjì kọjá, ọjọ́ yẹn gan-an sì lẹ́rù, torí ẹ má rò pé alẹ́ tí òṣùpá bá kún náà lomi ń kún jù o, ó máa ń fi bí ọjọ́ méjì pẹ́ lápá ibí, bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé náà bẹ́ẹ̀ ló rí, torí oòrùn àti òṣùpá á ti wà lórí ìlà kan náà, wọ́n á jọ máa fa omi. Á kún kọjá àlà, á tún fà débi pé ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí rí á yọ síta.

Mítà 4.8 lomi máa gùn lọ́jọ́ náà. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12, ìdá kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Kì í gùn déédéé: wákàtí kìíní lẹ́yìn tó bá fà tán, ìdá 1 péré, ìkejì 2, ìkẹta 3, ìkẹrin 3, ìkarùn-ún 2, ìkẹfà 1. Ibi tómi ti kéré jù lọ́nà wa, sẹ̀ǹtímítà 30 ló máa ṣẹ́kù síbẹ̀, bóòtì sì ń fẹ́ mítà 1 kí ìdí ẹ̀ má bàa kanlẹ̀. Ìwé ní omi á fà tán ní aago 7:06 alẹ́. Mo ní tó bá di 9:06, mítà 1.2 á ti gùn lé e, mítà kan àtààbọ̀ nìyẹn, a ti kọjá! Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, inú mi ń dùn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ la débẹ̀. Mo kàn gbọ́ "ṣùùù" bí ìgbà téèyàn ń fìgbálẹ̀ gbá iyanrìn, bóòtì dúró gbagidi. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sára òpó igi kan, ewédò tútù ṣì lẹ̀ mọ́ ọn jìnnà sókè omi.

"Àbúrò, aago wo ni wọ́n fi kọ ìwé yẹn?"

"GMT ni, sà."

"Ṣó o fi wákàtí kan lé e?"

Mi ò fi lé e o. Summer ni, aago ibí ti fi wákàtí kan ṣíwájú GMT tí wọ́n ń lò nígbà òtútù, 8:06 lomi fà tán. Wákàtí kan péré ló tíì fi gùn, 30 pẹ̀lú 40, 70! Èmi tí mò ń pe mọ́mì mi n'Ìbàdàn lójoojúmọ́, tí mo mọ̀ pé summer nìkan laago wa máa ń dọ́gba, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mú gúgúrú jáde. "Jẹun jàre, omi ń bọ̀. Ká ní ó ń fà lọ ni, à bá sùn síbí."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìràwọ̀ méje tó rí bíi ṣíbí ọbẹ̀ hàn mí, wọ́n ní kí n tọ méjì tó wà létí ẹnu ṣíbí náà lọ, mo bá ìràwọ̀ àríwá níbẹ̀. Wọ́n ní kí n na ọwọ́, kí n máa to ẹ̀ṣẹ́ léra láti etí ilẹ̀ lọ sókè débi ìràwọ̀ náà. Ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún! Nílé wọn ní Ìlàjẹ, kò tó ẹ̀ṣẹ́ kan, torí béèyàn bá ṣe ń sún mọ́ agbedeméjì ayé ló ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kùrukùru tiẹ̀ sábà máa ń bò ó. Òṣùpá náà ti yọ, ó pọ́n bí epo.

Kò pé ìdajì wákàtí, bóòtì mì díẹ̀, ó tún mì, ó léfòó. Kí ẹ̀gbọ́n tó ta ìgbòkun, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n fi máákà dúdú kọ "+1" gàdàgbà sẹ́yìn ẹ̀.