Bí mo ṣe gbohùn orin àkọ́kọ́ mi sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀

Ọdún 14 ni mo fi gba bọ́ọ̀lù jẹun kí orúnkún tó ní ó tó. Nígbà tí mo padà sí Abẹ́òkúta, ohun tí àwọn èèyàn rò ni pé n ó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá, ní Kútò. Àpàlà ló wà lọ́kàn mi ní tèmi. Ilé wa kò jìnnà sí Ìtòkò, àdúgbò Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, orin rẹ̀ sì ni bàbá mi fi ń jí wa láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ẹni tí mo fi mọ́kàn le ni Yannick Noah, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba ife-ẹ̀yẹ tẹ́níìsì Roland-Garros ní 1983, tó sì wá di olórin tí wọ́n ń wọ́ tọ̀ lẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé. Wọ́n wá júwe bàbá kan fún mi ní Láfẹ́nwá, ọmọ àyàn tó ti ń lu gángan láti kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọrin àpàlà." Wọ́n ní kí n kọ ọ́ káwọn gbọ́.

Ìlà kejì ni wọ́n ti dá mi dúró. Mo fẹ́ kọ pé "Ọkọ̀ mi ti gúnlẹ̀", ṣùgbọ́n ohùn tí mo fún un gbé "kọ̀" lọ sókè.

"Ọkọ́ wo ló gúnlẹ̀, ọmọ mi? Ṣé oko lo ti ń bọ̀ ni?"

Mo rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀, ó di "ọkọ mi". Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀, orin gbọ́dọ̀ bá a sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá ṣì í kọ, àṣìwí ni gángan yóò wí. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ lásán, Bàbá á fi ìlù sọ ọ́ tẹ̀lé mi, ohùn tí ìlù bá mú wá ni mo fi ń kọrin. Ọ̀sẹ̀ 6 la fi tún ìlà 16 tò.

Mo rò pé èémí kò lè dà mí láàmú, èmi tí mo ti ń sáré fún ìṣẹ́jú 90. Ó yàtọ̀ pátápátá. Lórí pápá, bí èémí bá ṣe wá la ṣe ń mí. Nínú orin, èèyàn á fà á sínú kíá, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà yóò fi parí. Láràárọ̀ ni mo ń fẹ̀yìn lélẹ̀, tí mo gbé ìwé lé ikùn, tí mo ń wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Mo tún máa ń ṣáájú ìlù wọlé. Àṣà agbábọ́ọ̀lù iwájú ni: a ti máa ń sá kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó máa gbá a wá. Agogo tí wọ́n ń lù mọ́ ìlù ló wò mí sàn. Mo gbé etí lé e, mi ò sì lanu àfi bó bá yí po lẹ́ẹ̀mejì.

Sítúdíò kan ní Pánṣẹ́kẹ́ la ti gbohùn sílẹ̀, wákàtí 5 gbáko. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe é fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún ohùn mi ṣe. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n "kọ̀" tún gòkè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà sí bí mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tó gbé e sí i fún wa, Bàbá di ojú. Wọ́n ní kó tún ìlà kejì gbé. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ki gángan wọn bọ àpò, wọ́n ní ká máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú.