Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Àkáǹtì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó ronú kan Facebook tàbí ibòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ bá ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù, inú ímeèlì ni wọ́n máa ń fi líǹkì tí ẹ ó fi yí i padà ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ti wọ ímeèlì yín, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ló kó lọ́wọ́ yẹn.

Ẹ ṣe páswọ́ọ̀dù tuntun fún un. Gígùn rẹ̀ ló ń dá olè lágara. Kí á fi “@” rọ́pò lẹ́tà “a” kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, wọ́n ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́. Ẹ gbé ìwé ńlá kan, ẹ dijú ṣí i, ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ìka yín bá bà lé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò bára wọn tan, kí ẹ so wọ́n pọ̀ báyìí: osupa-abere-ogiri-ejo-bata-iroyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo eléyìí gan-an. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, torí ẹ lè bá kíbọ́ọ̀dù tí kò ní i pàdé. Ẹ má sì fi òwe, orin tàbí ẹsẹ Bíbélì ṣe é: ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sórí máa ń wà nínú àkójọ tí àwọn olè fi ń dán ilẹ̀kùn wò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí à ń lò káàkiri. Bí wọ́n bá jí i níbi kékeré kan tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ forúkọ sílẹ̀ sí, ẹ̀rọ ni wọ́n ó fi gbé e kiri gbogbo ibi tó kù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́. Orí ò lè gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí áàpù bíi Bitwarden tàbí KeePass bá yín tọ́jú wọn, kí ẹ wá há ẹyọ kan tó ń ṣí áàpù náà sórí. Kò sí ìdí láti máa yí páswọ́ọ̀dù padà lóṣooṣù. Láti 2017 ni NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ní kí á yí i padà nígbà tí àmì bá wà pé ó ti jò síta.

Ó kan ẹ̀rí kejì, ìyẹn kóòdù tí wọn ó tún béèrè lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù. Nínú àkáǹtì Google, ẹ lọ sí “Security” (ó lè jẹ́ “Security & sign-in”), lẹ́yìn náà “2-Step Verification”. Kóòdù tó ń wá nípa SMS sàn ju òfo lọ, àmọ́ gbájúẹ̀ lè tan ilé-iṣẹ́ fóònù kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí síìmù tirẹ̀. Áàpù bíi Google Authenticator ni mo fara mọ́. Ẹ fi í ya àwòrán QR (àwòrán onígun mẹ́rin alámì dúdú) tí “2-Step Verification” yẹn bá gbé wá sójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà mẹ́fà yóò jáde, tí yóò máa yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra wọn. Kò nílò dátà, torí àṣírí tó wà nínú QR yẹn àti aago fóònù ló fi ń ṣírò. Bí wọn kò bá gba kóòdù yín, ẹ yẹ aago fóònù wò.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ka kóòdù yẹn fún òun, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Google, olè ni.

Google yóò tún fún yín ní kóòdù ìpamọ́ 10, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé. Inú fóònù ni mo fi tèmi sí nígbà kan, fóònù náà bọ́ sómi, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mi ò fi rí àkáǹtì mi wọ̀.

Kí ẹ tó dìde lórí kọ̀ǹpútà, ẹ mú ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi páswọ́ọ̀dù àti kóòdù tuntun wọlé. Bí ó bá gbà yín wọlé, ẹ padà sí “Security”, ẹ wo àkójọ ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì náà, kí ẹ sì lé èyí tí ẹ kò bá dá mọ̀ jáde.