Bí mo ṣe tọpasẹ̀ májèlé inú spirulina wa

Èéfín ni gbogbo wa ń nàka sí. Ní Jámánì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ihò èéfín iléeṣẹ́ kan tó ń fi èédú pèsè iná mànàmáná la ti ń fa gáàsì wá bọ́ spirulina, ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi tí wọ́n ń tà bí oúnjẹ àfikún, nítorí gáàsì CO2 inú rẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n èédú kì í jó kó má fi mẹ́kúrì àti òjé sínú èéfín, spirulina sì ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra gan-an.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, mẹ́kúrì àti cadmium, irin olóró mìíràn, ló kọjá ààlà. Nínú kílò kan oúnjẹ àfikún, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà ju 0.10 mílígíráàmù mẹ́kúrì lọ, àti 1.0 cadmium. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ra fílítà. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀.

Mo tún sin spirulina nínú táǹkì kejì: omi kan náà, ajílẹ̀ kan náà, àmọ́ gáàsì mímọ́ láti inú sìlíńdà. Mo rẹ gbogbo ìgò sínú ásíìdì mọ́jú kí ìdọ̀tí ara wọn má baà ṣì wá lọ́nà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi sẹ́ ìkórè; ohun tó kù lórí rẹ̀ rí bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Mo fi omi EDTA, kẹ́míkà tó ń di irin mú, fọ ìdajì. Èyí ń ṣí irin tó lẹ̀ mọ́ ara lásán kúrò, èyí tó ti wọ inú ò ní jáde.

Àṣé ọ̀tá ń bẹ nílé! Mẹ́kúrì ò sí nínú táǹkì gáàsì mímọ́, ṣùgbọ́n cadmium wà níbẹ̀ digbí. Ajílẹ̀ fọ́sífétì olówó pọ́ọ́kú tí èmi fúnra mi rà ló gbé e wá. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é sábà máa ń ní in. Ojú tì mí. Mo pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹ́kúrì ló wá kù. Omi tí èéfín ń gbà kọjá ò lè mú un, torí mẹ́kúrì tó ti di oru kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ gáàsì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ti fi imí-ọjọ́ sí lára, ni mo kó sínú páìpù, imí-ọjọ́ ló ń gbá a mú. Lẹ́ẹ̀kíní, mo gbàgbé láti fa omi inú páìpù dànù, èédú rin gbindin, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́kúrì wá sábẹ́ ààlà.

Àpò ajílẹ̀ tó kù wà lábẹ́ tábìlì. Mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí i lára: ẹ má fọwọ́ kàn án.